Rélùwéè Talyllyn ní Tywyn: ó dùn ún gùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ lọ ṣe

Ẹni tó bá ń wá rélùwéè kékeré tó gùn jù ní Wales, kó gba Porthmadog lọ. Ibẹ̀ ni Ffestiniog àti Welsh Highland wà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irú rélùwéè bẹ́ẹ̀ kó má bàa kú, tó sì fẹ́ ki ọwọ́ ara rẹ̀ bọ iṣẹ́ náà, Talyllyn ni mo máa ní kó lọ. Ó ti lé ní 70 ọdún tí àwọn tí kì í gba kọ́bọ̀ ti ń wa ọkọ̀ ibẹ̀, tí wọ́n ń kó èédú síná rẹ̀, tí wọ́n ń gé koríko ẹ̀gbẹ́ ojú irin, tí wọ́n sì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Òṣìṣẹ́ olówó oṣù wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọn ò pọ̀, bí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni bá sì jókòó sílé, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan. Nítorí náà, díẹ̀ ni màá sọ fún èrò tó fẹ́ gùn ún, iṣẹ́ ni màá gbà sọ jù.

Tywyn jẹ́ ìlú kékeré létí òkun ní ìwọ̀-oòrùn Wales. Láti ibẹ̀ ni ojú irin náà ti gba àfonífojì Fathew gòkè lọ dé Nant Gwernol, máìlì 7 àti ìdá kan nínú mẹ́rin, bíi kìlómítà 11.7. Àlàfo àárín irin méjèèjì jẹ́ mílímítà 686, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 2 àti íǹṣì 3. Ojú irin àtijọ́ tó gba Èkó lọ sí Kano jẹ́ mílímítà 1,067, tuntun tó wà láàárín Èkó àti Ìbàdàn sì jẹ́ 1,435. Ti Talyllyn ò tó ìdajì ti tuntun yẹn.

Síléètì ló mú wọn la ọ̀nà náà, òkúta pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọ ilé ìwé ayé ìjọ́un máa ń kọ̀wé sí. Ní Wales, òun ni wọ́n fi ń bo òrùlé, ibi tí wọ́n sì ti ń wà á ni Bryn Eglwys, lórí òkè tó wà lókè abúlé Abergynolwyn. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí rélùwéè náà ní 1865. Sir Henry Haydn Jones ra ibi ìwakùsà àti rélùwéè pọ̀ ní 1911. Ní oṣù Kejìlá 1946 ibi ìwakùsà náà ya lulẹ̀, wọ́n sì tì í pa. Sir Haydn ti sọ pé bí òun bá wà láàyè, ọkọ̀ á máa rìn, ó sì mú un ṣẹ títí ó fi kú ní oṣù Keje 1950. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, òǹkọ̀wé L.T.C. Rolt àti àwọn mìíràn pe ìpàdé ní Birmingham, wọ́n dá ẹgbẹ́ Talyllyn Railway Preservation Society sílẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún 1951, ọkọ̀ àkọ́kọ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ náà gbéra. Kò tíì síbi kankan lágbàáyé tí àwọn olùyọ̀ǹda ti gba rélùwéè tó ń kú lọ tí wọ́n sì ń wà á fúnra wọn ṣáájú ìgbà náà. Ní 2021, UNESCO ka rélùwéè yìí mọ́ ilẹ̀ síléètì àríwá ìwọ̀-oòrùn Wales tí wọ́n fi sínú àwọn ogún àgbáyé.

Fún èrò

Láti Tywyn Wharf dé Nant Gwernol tó bíi wákàtí kan, nítorí ọkọ̀ náà kì í sáré ju máìlì 15 ní wákàtí kan. Tí ẹ bá ń gòkè, apá òsì ni kí ẹ jókòó sí: ara òkè ni ojú irin gùn lé, ọwọ́ òsì sì ni àfonífojì wà. Dolgoch ló tọ́ kí ẹ ti sọ̀kalẹ̀. Afárá ibẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 51, ibi tí omi ti ń já láti orí àpáta kò sì jìnnà sí ibùdókọ̀. Ẹ bèèrè àkókò ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, torí àárín ọkọ̀ kan sí èkejì máa ń gùn. Ẹ má ṣe ní kí ẹnikẹ́ni fi mọ́tò wá gbé yín ní Nant Gwernol, mọ́tò kò dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń débẹ̀ yàtọ̀ sí ọkọ̀ ojú irin. Abúlé Abergynolwyn pàápàá kò sí lẹ́nu ibùdókọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ẹ ó rìn díẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èrò kì í kíyè sí. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ilẹ̀kùn kóòṣì ń ṣí sí. Ní 1866, Captain Tyler tó jẹ́ olùyẹ̀wò ìjọba wá wo ọ̀nà náà kó tó gbà pé kó máa kó èrò. Ó rí i pé abẹ́ àwọn afárá tó dá ojú irin kọjá ti fún jù. Àlàfo tó kù láàárín ara kóòṣì àti ògiri afárá kò tó ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ́tùn-ún lósì, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 2 àti íǹṣì 6 ni wọ́n ń béèrè, kí ẹni tó bá ní láti bọ́ sílẹ̀ lójijì má bàa há. Wíwó afárá láti tún un kọ́ á ná wọn lówó gọbọi. Ni wọ́n bá sún ojú irin sí ẹ̀gbẹ́ kan lábẹ́ àwọn afárá, kí àlàfo ẹ̀gbẹ́ kejì lè tó, wọ́n sì dí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tó fún pa. Ó ti lé ní 150 ọdún, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì wà. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń kọjá lábẹ́ afárá, ẹ wo ògiri lọ́tùn-ún kí ẹ tún wo tòsì, ẹ ó rí i pé ọ̀kan sún mọ́ yín ju èkejì lọ. Ojú irin kò dédé wọ́.

Àléébù rẹ̀ fún èrò ò pọ̀ ṣùgbọ́n wọ́n wà. Ìjókòó kóòṣì àtijọ́ le, wọ́n sì fún. Ẹni tó ga á máa kan eékún mọ́ ẹni tó kọjú sí i. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ lọ kí ẹ tó wọlé. Òtútù etí òkun máa ń wọlé kódà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ mú aṣọ dání. Nígbà òtútù gan-an, ọjọ́ tí ọkọ̀ ń rìn kò tó nǹkan, nítorí náà ẹ wo ètò ìrìnnà wọn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀nà jíjìn. Ní Tywyn Wharf, mùsíọ́ọ̀mù rélùwéè kékeré wà nínú ibùdókọ̀ náà. Ẹ fún un ní wákàtí kan ó kéré tán, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ kí ẹ tó gun ọkọ̀, ohun tí ẹ ó rí lójú ọ̀nà á yé yín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́: ojú irin ṣáájú ẹ́ńjìnnì

Ẹ forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́, kí ẹ kọ̀wé sí wọn pé ẹ fẹ́ yọ̀ǹda ara yín, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ lè wá. Àwọn ọmọdé náà ní ẹgbẹ́ tiwọn, Tracksiders, tí òbí máa ń mú wọn wá sí. Nígbà tí wọ́n bá bi yín léèrè irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́, gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé ẹ́ńjìnnì. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ sọ pé ojú irin. Ìlà àwọn tó ń dúró de ẹ́ńjìnnì gùn, ṣùgbọ́n ikọ̀ tó ń tún ojú irin ṣe kì í ní ọwọ́ tó. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ẹ ó ti wúlò fún wọn, ohun tí ẹ bá sì kọ́ nílẹ̀ ló máa jẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí ẹ́ńjìnnì fi ń mì nígbà tí ẹ bá gòkè sórí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la.

Iṣẹ́ tó wọ́pọ̀ jù ni pípààrọ̀ pákó ìdábùú, àwọn igi tí a tẹ́ sábẹ́ irin. Bí igi bá ti jẹrà, ìró rẹ̀ á sọ fún yín: ẹ fi òòlù kàn án, bó bá dún bí ohun tó ṣófo, ó ti tán. Àmì kejì ni pé ìṣó oníyìípo tó de irin mọ́ ọn á máa yí lọ láì mú nǹkan kan.

Olórí ikọ̀ á kọ́kọ́ gba ojú irin lọ́wọ́ àwọn tó ń darí ọkọ̀. Bí kò bá tíì gbà á, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó kó òkúta wẹ́wẹ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó náà títí dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì la ojú ihò jáde ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ó ti fà á yọ. Ìṣó tó ti dípẹtà, ẹ ti fọ́n epo sí i ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ wá fi jáàkì gbé irin díẹ̀, ìwọ̀n tí pákó á fi lè yọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibí ni àwọn tuntun ti máa ń ba iṣẹ́ jẹ́: bí ẹ bá gbé irin ga jù, àwọn pákó tó wà níwájú àti lẹ́yìn á bá a gbéra, òkúta á wọ́ sábẹ́ wọn, nígbà tí ẹ bá sì sọ irin kalẹ̀, òkè kékeré ti hù sójú irin níbi tó ti tẹ́jú rí. Ẹ fa àtijọ́ jáde, ẹ ti tuntun wọlé, ẹ de irin kan mọ́ ọn ná. Ẹ fi ọ̀pá ìwọ̀n lé e kí ẹ tó de irin kejì, kí mílímítà 686 lè pé.

Kíki òkúta sábẹ́ pákó ló kù, òun ló sì ń fi ọ̀gá hàn. Abẹ́ ibi tí irin jókòó lé ni òkúta ti gbọ́dọ̀ le, lọ́tùn-ún lósì irin kọ̀ọ̀kan. Àárín pákó kì í fẹ́ kíkì. Bí àárín bá le ju ẹ̀gbẹ́ lọ, pákó á máa mì sọ́tùn-ún sósì bí ọkọ̀ bá ti gorí rẹ̀, yóò sì ṣẹ́ láàárín kó tó pẹ́. Ẹ fi ohun èlò ìwọ̀n títẹ́jú wò ó pé irin méjèèjì dọ́gba, kí ẹ sì dúró wo ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó máa kọjá, láti ibi tí olórí ikọ̀ bá ní kí ẹ dúró sí. Bí irin bá rì tó sì padà sókè, ẹ ò tíì kì í tó. Ẹ má sì pààrọ̀ pákó méjì tó tẹ̀ léra lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi èyí tó ṣì lágbára sáàárín wọn kó máa di irin mú.

Omi ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Òjò tó ń ti orí òkun wá sí ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, bí kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bá sì dí, ẹrẹ̀ á dàpọ̀ mọ́ òkúta wẹ́wẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń kọjá, pákó á máa fún ẹrẹ̀ náà sókè, òkúta á máa rì sísàlẹ̀, ibi tí ẹ tún ṣe ní oṣù tó kọjá á sì tún wọlẹ̀. Kì í ṣe òkúta tuntun ni ibẹ̀ ń fẹ́, kòtò ni kí ẹ lọ là. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ olùyọ̀ǹda ló ń lọ sórí kòtò àti igbó ẹlẹ́gùn-ún, kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ń yà fọ́tò, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kí irin dúró.

Iṣẹ́ mìíràn tó yẹ kí ẹ béèrè fún ni ti oríkèé irin, ibi tí wọ́n ti fi pátákó irin àti bóòtù so ọ̀pá irin kan mọ́ èkejì. Kí ooru ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, wọ́n máa ń tú u, wọ́n á ha ìpẹtà kúrò, wọ́n á fi gíríìsì sí i, wọ́n á sì dè é padà. Irin máa ń gùn nígbà ooru, ó sì máa ń súnkì nígbà òtútù. Bí oríkèé bá ti gan pa, irin tó fẹ́ gùn ò ríbi lọ, yóò bẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ òtútù ni, bóòtù á já.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mílímítà díẹ̀ kò já mọ́ nǹkan, kó gbọ́ ti ẹ́ńjìnnì nọ́ńbà 3. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà gba iṣẹ́ ní 1951, ẹ́ńjìnnì méjì ló wà nílẹ̀, nọ́ńbà 2 tó ń jẹ́ Dolgoch nìkan ló sì lè rìn. Wọ́n lọ ra ẹ́ńjìnnì méjì tó jẹ́ ti rélùwéè Corris tó ti kú, pọ́n-ùn 25 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n àlàfo irin Corris àti ti Talyllyn dọ́gba nínú ìwé. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí nọ́ńbà 3 bá jáde ló ń já sílẹ̀ láàárín irin. Nígbà tí wọ́n wọn ojú irin dáadáa, ó fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bí ìdajì íǹṣì, mílímítà 13. Àwọn ará àtijọ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, nítorí àlàfo àárín táyà iwájú àti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì nọ́ńbà 2 gùn, ó sì nílò àyè nígbà tó bá ń yí kọ́nà. Táyà irin nọ́ńbà 3 tóóró, kò lè dúró lórí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Ó di dandan kí wọ́n tún ojú irin tẹ́ sí ìwọ̀n tó péye, kí wọ́n sì tún táyà ṣe. Nọ́ńbà 3 yìí, tí wọ́n fún ní orúkọ Sir Haydn, wà níbẹ̀ dòní. Nọ́ńbà 1 àti 2 náà wà, tí wọ́n ṣe ní Whitehaven ní 1864 àti 1866.

Ẹ́ńjìnnì

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ ó máa nu ọkọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó ń nu ẹ́ńjìnnì ló ń di adáná, adáná ló ń di awakọ̀, ìdánwò òfin iṣẹ́ àti àyẹ̀wò ara sì wà lójú ọ̀nà. Ọdún ló máa gbà. Ẹni tó ń wá ìrírí ọ̀sẹ̀ kan, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gun ọkọ̀ kó sì máa lọ sílé. Ẹni tó bá ní sùúrù, ìkọ́ni ibẹ̀ dára púpọ̀ lójú mi, torí ní ọgbà Pendre ni wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ẹ ó sì máa rí ohun tó wà nínú bọ́ílà, àgbá irin tí omi ti ń hó di ooru tó ń ti ọkọ̀ lọ, nígbà tó bá wà ní títú. Ọgbà yìí kan náà ni wọ́n ti to nọ́ńbà 7, Tom Rolt, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1991.

Nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Omi ni ẹ ó kọ́kọ́ wò, kì í ṣe iná. Gíláàsì tó ń fi omi hàn lè parọ́: bí ojú ihò rẹ̀ bá dí, omi á dúró sínú rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti bọ́ílà ti lọ sílẹ̀. Nítorí náà ẹ ṣí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, kí omi tó wà nínú rẹ̀ jáde, kí ẹ sì wò ó bó ṣe ń padà sókè. Bó bá yára padà, òótọ́ ló ń sọ. Bó bá ń lọ́ra, ẹ pe awakọ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: bí omi bá lọ sílẹ̀ tí orí àpótí iná kò sí lábẹ́ omi mọ́, irin ibẹ̀ á gbóná kọjá ààlà. Wọ́n ti fi òjé dí ihò kan síbẹ̀ kó lè yọ́, kí ooru omi tú sórí iná, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ìkẹyìn nìyẹn, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbára lé.

Ẹ gbá eérú kúrò, ẹ fi búrọ́ṣì onírin gígùn nu inú àwọn páìpù bọ́ílà, kí ẹ sì kó èérí tó wà nínú àpótí èéfín níwájú. Ilẹ̀kùn àpótí náà gbọ́dọ̀ dì típẹ́típẹ́. Bí atẹ́gùn bá ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, iná kò ní fà, ẹ ó sì máa da èédú síná lásán lọ sókè láì rí agbára kankan. Ẹ tẹ́ èédú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ to igi lé e, ẹ fi àkísà tí wọ́n ti rẹ sínú kẹrosíìnì dáná sí i. Lẹ́yìn náà, sùúrù. Irin bọ́ílà kì í gbóná lọ́gbọọgba. Apá tó sún mọ́ iná á ti gùn nígbà tí apá kejì ṣì tutù, bí ẹ bá sì fi iná ńlá lé e lójijì, ẹnu páìpù á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Irú jíjò bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí ẹ́ńjìnnì jókòó sí ọgbà fún oṣù mélòó kan.

Nígbà tó bá ń gbóná ni ẹ ó máa bu epo sí i. Oríṣi méjì ni: èyí tó nípọn, tó lè bá ooru omi gbé, fún sílíńdà, ihò gbọọrọ tí ooru omi ti ń ti irin písítọ́ọ̀nù síwá sẹ́yìn; èyí tó fẹ́lẹ́ fún àwọn ibi tí irin ti ń yí. Òwú tó ń fa epo sọ̀kalẹ̀ nínú ife epo gbọ́dọ̀ mọ́; bí ó bá dí, ibi yẹn á gbóná, irin á sì jẹ irin. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ ṣí ihò omi sílíńdà, nítorí ooru omi tó bá pàdé irin tútù á padà di omi, omi kò sì ṣe é fún pọ̀. Bí ẹ bá gbàgbé, písítọ́ọ̀nù á gbá omi náà mọ́ ìdérí sílíńdà, ìdérí á fọ́. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá kún bọ́ílà jù tàbí tí omi rẹ̀ bá dọ̀tí: omi á bá ooru lọ sínú sílíńdà.

Ohun tó ń fi omi kún bọ́ílà, tí wọ́n ń pè ní injector, ló máa ń bí adáná tuntun nínú jù. Bó bá kọ̀ láti mú, ẹ kọ́kọ́ wò bóyá omi inú táǹkì ti gbóná jù; omi gbígbóná kì í jẹ́ kó mú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó wò bóyá páìpù omi ń fa atẹ́gùn níbi kan, tàbí èérí ti dí ẹnu rẹ̀. Méjì máa ń wà lórí ẹ́ńjìnnì, kí ọ̀kan lè gba ọ̀kan là, ẹ sì dán méjèèjì wò kí ẹ tó kúrò ní ọgbà.

Èédú wá di ọ̀ràn. Ibi ìwakùsà Ffos-y-fran nítòsí Merthyr Tydfil, tó ń pèsè èédú fún ọ̀pọ̀ rélùwéè àtijọ́ Bìrìtéènì, ti ṣíwọ́ láti oṣù Kọkànlá 2023. Èyí tó ń wá láti òkè òkun, àti èyí tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì mọ rìbìtì, kò jó bákan náà. Òmíràn máa ń yọ́ di àpáta lórí ọ̀pá ìdáná, á dí ojú atẹ́gùn, agbára á sì lọ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń gòkè. Adáná tó bá mọ iṣẹ́ á máa tú ìdí iná wò ní ibùdókọ̀, kò ní dúró dìgbà tí ọwọ́ ìwọ̀n bá ti wálẹ̀.

Iṣẹ́ gáàdì, tíkẹ́ẹ̀tì, ṣọ́ọ̀bù àti ti àwọn tó ń ṣí ọ̀nà fún ọkọ̀ náà wà. Èyí tó kẹ́yìn yìí dára fún ẹni tó fẹ́ràn ètò: irin kan ṣoṣo ló wà, àwọn ibi ìpàdé ọkọ̀ sì wà ní Pendre, Brynglas àti Quarry Siding, awakọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ wọ apá ọ̀nà kankan láì mú àmì ti apá náà lọ́wọ́.

Ohun tí ẹ ó mú dání, àti ohun tí kò dùn mọ́ mi

Bàtà onírin níwájú, tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Aṣọ òwú fún ẹni tó ń lọ sídìí iná. Pọlísítà máa ń yọ́ mọ́ ara. Ẹ bọ́ òrùka sílẹ̀, ẹ di irun gígùn mọ́rí. Ìbọ̀wọ́ awọ, aṣọ òjò tó dára gan-an, àti aṣọ mìíràn láti pààrọ̀. Ibi tí àwọn olùyọ̀ǹda lè sùn wà ní Tywyn, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ṣáájú, pàápàá nígbà ìsinmi ilé ìwé.

Àléébù tó tóbi jù ni ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó ń gbé ní London ò lè lọ kó bọ̀ lọ́jọ́ kan kó sì ṣiṣẹ́ gidi, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ sì di ti ara yín. Èkejì ni pé ìkọ́ni máa ń fà bí ènìyàn kò bá lè wá déédéé. Ẹni tó bá ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nítorí ìyẹn, mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan gbáko lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún sàn ju òpin ọ̀sẹ̀ kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún.

Bí Tywyn bá jìnnà jù, rélùwéè Welshpool & Llanfair sún mọ́ Birmingham jù ú lọ, ohun kan sì wà níbẹ̀ tó kan àwa ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí rélùwéè Sierra Leone kógbá sílé, wọ́n kó ẹ́ńjìnnì nọ́ńbà 85, tí Hunslet ṣe ní Leeds ní 1954, wá síbẹ̀ pẹ̀lú kóòṣì mélòó kan ní 1975. Àlàfo irin ibẹ̀ jẹ́ mílímítà 762, bíi ti Sierra Leone, ìwọ̀n kan náà sì ni ti tráàmù tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti Iddo gba afárá Carter wọ Èkó ní 1902. Nílé, Ilé Jaekel wà nínú ọgbà rélùwéè Ebute Metta, wọ́n kọ́ ọ ní 1898, ẹgbẹ́ Legacy 1995 ló ṣaájú iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀, ó sì ti di mùsíọ́ọ̀mù kékeré. Ẹni tó bá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi gíríìsì sí oríkèé irin ní Wales á mọ ohun tó yẹ kó béèrè tó bá débẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń lọ Tywyn láti Birmingham, ọkọ̀ Transport for Wales tó gba Shrewsbury ni kí ẹ wọ̀. Ìrìn náà tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Ní Machynlleth ni ọkọ̀ náà ti máa ń pín sí méjì, apá kan á lọ Aberystwyth, apá kejì á gba etí òkun lọ sí Pwllheli. Ti Pwllheli ló ń dúró ní Tywyn. Ẹ bi gáàdì kí ẹ tó gbé ẹrù sókè, torí ẹni tó bá jókòó sí kóòṣì tí kì í ṣe tirẹ̀, Aberystwyth ni yóò bá ara rẹ̀.